Gbé Ìgò Kalẹ̀ Kí O Tó Kúnlẹ̀

Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Wẹ́sídeè, lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti lọ síṣẹ́.

Ṣayọ̀ mi, àkọ́bí mi, ọmọ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ dàgbà,

Mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lo wà, torí mo mọ̀ pé o ò sí ní àlàáfíà. Ẹkún tí o sun lórí fóònù lálẹ́ Sọ́ńdè ṣì wà létí mi. O ní, "Mummy, mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ó ti sú mi." Kí o tó sọ ọ́ tán ni mo ti dáhùn pé, "Máa bọ̀, ọmọ mi. Máa bọ̀ kíákíá." Bí a ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo lọ sí yàrá rẹ, mo ká bẹ́ẹ̀díṣíìtì, mo fọ̀ ọ́, mo sì tún un tẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi lẹ́tà yìí gbà padà. Má tíì bọ̀.

Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó bínú. Mi ò lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, torí o mọ̀ mí, màá sunkún sínú ẹ̀, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan ju bí mo ṣe ń fọn imú lọ. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà náà tó fi kọ lẹ́tà sí ọmọ ẹni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Madame tó ni ilé oúnjẹ tí o ti ń kọ́ṣẹ́ wáìnì ní Cahors, nílẹ̀ Faransé, pè ọ́ wá bá àwọn ẹbí rẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ó gbé ìgò wáìnì pupa tí wọ́n ṣe nínú oko tiwọn lé ọ lọ́wọ́, ó ní kí o bu fún bàbá òun tó ti darúgbó, tí gbogbo wọn ń pè ní Pépé. Ìwọ, ọmọ tí mo kọ́, o kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, o fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, o sì dà á kún ife náà dẹ́nu, títí ó fi ṣàn sórí aṣọ tábìlì funfun. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ṣé o fẹ́ kí Pépé wẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, ife ni Madame ní kí o máa nù, kò jẹ́ kí o fọwọ́ kan ìgò mọ́.

Ṣayọ̀, ẹ̀kọ́ ilé tí mo fún ọ ló dà sórí aṣọ tábìlì yẹn. Níbi tí èmi ti wá, ife tí kò kún, ẹ̀gàn ni fún àlejò. Tí a bá gbé omi tí kò dẹ́nu ife fún èèyàn nílé ìyá mi àgbà ní Ṣàgámù, yóò ké láti inú yàrá, "Ta ló bu omi yẹn? Ṣé kànga ti gbẹ ni?" Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún èmi tàbí ìwọ pé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń fi ìdajì ife bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, o ṣì ń fa ìka mu, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìhà Belvedere. Wọ́n ní kí n gbé tíì fún ìyá àgbàlagbà kan. Mo po tíì yẹn bí màá ṣe pò ó fún ìyá ọkọ mi: mílíìkì rẹpẹtẹ, ṣúgà, mo sì dà á kún bámúbámú. Mo dé iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ìyá náà fò sókè! Ó rò pé mo dákú ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀lì, àwọn nọ́ọ̀sì méjì sì sáré wọlé, wọ́n ń bi mí pé, "Níbo ló ń dùn ọ́? Má dìde o, má mira." Èmi sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, tíì gbígbóná ń ṣàn sí mi lápá.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo délé, mo pe ìyá mi. Mo ní, "Mọ́mì, mò ń bọ̀ nílé. Ìlú yìí ò gba èèyàn."

Mọ́mì ní, "Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

Mo ní rárá.

"Ṣé wọ́n nà ọ́ ni?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ó dáa. Padà lọ lọ́la, kí o bi ìyá yẹn bó ṣe ń fẹ́ tíì rẹ̀." Ó sì gé fóònù.

Ó dùn mí wọra. Mo rò pé kò fẹ́ rí mi ni, torí mo ti gbé oyún rẹ wá bá a kí èsì ìdánwò sẹ́kọ́ńdírì mi tó jáde, ojú ti tì í tó. Ìbínú yẹn ló gbé mi padà síbi iṣẹ́. Mo bi ìyá náà. Ó ní òun ń fẹ́ ẹ láìsí ṣúgà, kó sì jẹ́ ìdajì ife, torí ọwọ́ òun ń gbọ̀n, tó bá kún, yóò jó òun. Ṣayọ̀, mo dúró, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Láti àná ni ọwọ́ yẹn ti ń gbọ̀n lójú mi, mi ò sì rí i, torí ibi tí màá fi orúnkún sí ni mò ń wò.

Ẹ̀yìn ìgbà tí Mọ́mì kú ni àbúrò mi Rónkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé lálẹ́ ọjọ́ tí mo pè yẹn, Mọ́mì fọ kọ́tìnì yàrá mi, ó sá a, ó jókòó tì í, ó ní, "Tó bá tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní lè sọ pé kó má bọ̀." Mi ò pè mọ́. Mo ń bínú. Títí di òní, tí mo bá rí kọ́tìnì lórí okùn, àyà mi máa ń já.

Nígbà tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ lálẹ́ Sọ́ńdè ni kọ́tìnì yẹn wá sọ́kàn mi. Mo jókòó lórí ẹ̀. Mo bi ara mi pé, ṣé nítorí Ṣayọ̀ ni mo ṣe ní kó máa bọ̀, àbí nítorí ara mi?

Má fi mí rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ ra wáìnì. Èmi! Mo kúrò níbi iṣẹ́, mo lọ sí Woolwich, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí kan, mo fi orúkọ ìlú rẹ hàn wọ́n lórí fóònù, torí ẹnu mi ò yí i dáadáa. Wọ́n gbé ìgò kan fún mi. Mo fi í sínú ọ̀rá dúdú, mo kì í bọ báàgì, mo dorí kodò lọ sí Woolwich Arsenal Station. Ta ni mo bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà? Auntie Dúpẹ́, olórí àwọn tó ń gba èèyàn lálejò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa!

"Mama Ṣayọ̀! Kí ló ń dún nínú báàgì yín?"

"Ìgò ni, Auntie."

"Ìgò kí ni?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé òróró ni. Ahọ́n mi kọ̀. "Wáìnì ni, mà. Ti ìlú tí Ṣayọ̀ wà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ti oúnjẹ alẹ́ Olúwa ni?"

"Rárá o, mà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ni."

Mo ti ń retí ìwàásù. Ṣùgbọ́n Auntie Dúpẹ́ kàn ki ọwọ́ bọ báàgì tirẹ̀. Ó wá yọ fóònù rẹ̀, ó fi hàn mí. "Ẹ wò ó. Láti ìgbà tí Kúnlé ọmọ mi ti lọ ṣiṣẹ́ ní Dubai, ojú ọjọ́ tibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá jí, kí n tó wo ti Woolwich. Bí òjò ń pa mí, mi ò mọ̀. Oòrùn tó ń pa Kúnlé ni mo mọ̀." Ó tún báàgì mi ṣe léjìká. "Ẹ fi súwẹ́tà yín wé ìgò yẹn, kó má baà dún dé etí Pásítọ̀."

Èmi náà ti fi Cahors sórí fóònù mi báyìí. Òjò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la. Mú agbòjò.

Nígbà tí mo délé, mo gbé ìgò náà sínú fíríìjì, bí a ṣe ń ṣe fún ohun mímu àlejò. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé o ti sọ fún mi pé kì í fẹ́ òtútù, mo sì sáré yọ ọ́. A ò ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí i. Níbo la ti fẹ́ rí i nílé yìí? Bàbá rẹ fi ìdí orógùn ti ìdérí náà wọnú ìgò. Ọtí náà dúdú, Ṣayọ̀. Mo gbé ife sókè sí gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ ò là á kọjá.

Bàbá rẹ ní, "Ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Oyá."

Mo fẹnu kàn án. Ọlọ́run rí mi. Gbogbo ahọ́n mi sún kì, bí ìgbà tí èèyàn jẹ kaṣú tí kò pọ́n. Bàbá rẹ mu tiẹ̀, ó fajú ro. "Ṣé owó gidi lo kó sílẹ̀ ra àgbo ibà yìí?"

Mo gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata wa kalẹ̀, bóyá yóò bá a lọ. Háà! Ńṣe ló dà bí ẹni da bẹntiróòlù síná. Ata gbóná, ọtí náà gbóná, ìkorò rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Bàbá rẹ sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi.

Lọ́jọ́ kejì ni mo wá ṣe bí o ṣe júwe rẹ̀ fún mi nígbà tí inú rẹ ṣì ń dùn síbẹ̀. Mo ra itan pẹ́pẹ́yẹ, ẹran tí a kì í jẹ nílé wa. Mo fi iyọ̀ àti áyù pa á lára, mo jẹ́ kí ó jinná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ọ̀rá ara rẹ̀ títí ẹran fi ń bọ́ lára egungun. Mo se ẹ̀wà funfun tì í, àlùbọ́sà nìkan, kò sí ata.

"Ẹ̀wà tí kò lata?" Bàbá rẹ wo inú abọ́. "Ta ló kú?"

"Ẹ jẹun jàre."

Ó jẹ ẹran, ó jẹ ẹ̀wà, ó wá fa ọtí náà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún fà á. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣayọ̀, ọtí kan náà ni o! Ahọ́n tó sún kì lánàá tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rá ẹran wà lẹ́nu, ọtí náà sì gbá a lọ, ó fi adùn kan sílẹ̀ bí ti èso tó pọ́n jù lórí igi. Bàbá rẹ na abọ́ sí mi.

"Tún bù sí i."

"Ẹran ni àbí ọtí?"

"Ẹran." Ó yẹ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Àti ọtí yẹn náà. Díẹ̀."

Mo rò ó títí. Ọtí yẹn ò burú. Ẹni tí yóò bá a jókòó ló ń wá. Èmi ni mo gbé e ka iwájú ata, tí mo wá ń sọ pé ó korò. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, gbé ìgò kalẹ̀ kí o tó kúnlẹ̀. Mi ò ní kí o má kúnlẹ̀ o! Ọjọ́ tí o bá fi ìyẹn sílẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́ mọ́. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Pépé, kí i bí ọmọ Yorùbá, kí ọwọ́ rẹ ṣófo. Lẹ́yìn náà kí o dìde, kí o wá gbé ìgò, kí o dà á bí wọ́n ṣe ń dà á. Orúnkún jẹ́ tiwa, ìgò jẹ́ tiwọn. Ìgbà tí o pò wọ́n pọ̀ ló dà nù.

Èkejì, má pè é ní ahun tí wọn ò bá bu ife kún. Ìwọ gan-an lo ṣàlàyé fún mi pé apá tó ṣófo nínú ife kì í ṣe òfìfo, pé ibẹ̀ ni òórùn ọtí ń gbé, kí imú lè mọ̀ ọ́n kí ẹnu tó mọ̀ ọ́n. O mọ̀ ọ́n tán, Ṣayọ̀. Ìbẹ̀rù àgbà ló mú ọ gbàgbé.

Ní ti ata, mo mọ̀ pé o fẹ́ se ọbẹ̀ wa fún wọn lọ́jọ́ kan. Tó bá jẹ́ wáìnì yẹn ni wọn yóò mu, fi ata sínú àwo kékeré lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bu ú. Ata kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ yàrá, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ògúnfe yíyan dára fún un, tí ọ̀rá bá wà lára rẹ̀. Ẹ̀wà tó jinná dáadáa dára. Ẹja ni kí o má dán wò. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí pẹ̀lú èyí tó kù nínú ìgò, ẹnu mi ń rùn bí irin.

O sọ fún mi pé bí ẹ bá tọ́ ọ wò níbi iṣẹ́, ẹ máa ń tu ú dà sínú korobá. Máa tu ú. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ rẹ ni kí o mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kí ó mọ̀ ọ́. Mò ń gbàdúrà lórí èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Mi ò tíì béèrè nípa ọkùnrin. Mo kàn ní mi ò tíì béèrè.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Ṣùgbọ́n èyí ló ṣe pàtàkì jù: lọ bá Pépé. Má lọ bá Madame. O ti gbàgbé pé ìwọ lo sọ fún mi pé nígbà tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, pé ńṣe ló tẹrí ba, tó fi ẹnu fa èyí tó kún náà láì gbé ife nílẹ̀. O sì ti sọ nígbà kan rí pé tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ lábọ́ rẹ̀, yóò da wáìnì sí i, yóò mì í, yóò gbé abọ́ sẹ́nu, Madame yóò sì máa pariwo pé ìwà àwọn ará oko nìyẹn. Bàbá mi náà nìyẹn! Omi ni tirẹ̀. Yóò da omi sí abọ́ ọbẹ̀, yóò mì í, yóò gbé e mu, yóò ní, "Ẹni tó sè é ti làágùn sí i." Ẹni tí kò jẹ́ kí ìkán ọbẹ̀ ṣòfò kò ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò. Bi í pé, "Pépé, báwo lẹ ṣe ń fẹ́ ẹ?" Kí o sì wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń fi hàn ọ́. Má wo orúnkún rẹ.

Tí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣì ní àwọn ò fẹ́ ọ, máa bọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, èmi àti bàbá rẹ yóò wà ní ibùdókọ̀ kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ má ṣe wá torí ìtìjú. Ìtìjú yóò bá ọ wọ ọkọ̀ ni, yóò sì bá ọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́ yìí.

Má ro ohun tí èmi rò nípa Mọ́mì. Mo fẹ́ ọ nílé débi pé tí ọmọ ẹlòmíì bá fi irú bàtà rẹ rìn lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń sáré ṣílẹ̀kùn. Mo máa ń bu oúnjẹ tìrẹ kí n tó rántí. Láàárọ̀, bàbá rẹ ń fi ohùn rẹ̀ kọrin nílé ìwẹ̀, ìyẹn orin tó máa ń bí ọ nínú, torí kò sí ẹni tí yóò ní kó dákẹ́. Ìdajì ilé yìí ló ṣófo, Ṣayọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí yàrá rẹ, òórùn ìpara rẹ ṣì wà níbẹ̀, mo sì lè fi ìyẹn dúró díẹ̀ sí i.

Wá ní Kérésì. Wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọṣẹ́, kí ìgò kan wà lọ́wọ́ rẹ, èmi yóò wá pẹ́pẹ́yẹ. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, gbé ìgò náà kalẹ̀ ná kí o tó kúnlẹ̀, torí n óò ti dì mọ́ ọ kí orúnkún rẹ tó kanlẹ̀.

Èmi ni,
Mummy rẹ, tí àwọn èèyàn ń pè ní ẹ̀gbọ́n rẹ.